Ẹ Bi Ẹ̀rọ Léèrè Kí Ẹ Tó Tú U: Ìtọ́sọ́nà Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Fara Pamọ́ Sínú Ilé

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá àgbà kan gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kórópe ló bá wọn gbé e. Wọ́n ní ẹnì kan ti wá wò ó nílé, ó ní pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti jó, kí àwọn lọ tọ́jú 75,000 náírà. Mo kì í bọ iná. Ojú rẹ̀ tàn, ó sì kọ CL gàdàgbà síbẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ títí mo fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. CL lọ, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì bú ẹni ọ̀hún díẹ̀. CL ni ẹ̀rọ LG máa ń kọ nígbà tí ẹnì kan bá ti àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ pa kí ọmọdé má bàa fi í ṣeré. Ọmọdé gan-an ló sì ti í pa: ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́ rárá. Ó ń sọ̀rọ̀ ni, kò kàn sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n máa bi ẹ̀rọ léèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, fìríìjì, mítà iná, mọ́tò, kọ̀ǹpútà ló wà nínú gbogbo wọn báyìí. Kì í ṣe irú èyí tó ní kíbọ́ọ̀dù. Ṣíìpù dúdú kan ni, tí kò ju èékánná lọ, tí ọpọlọ tó ń ṣírò, ibi ìrántí, àti ojú ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wọlé tí àṣẹ ń gbà jáde jọ wà nínú rẹ̀. Ọdún 1974 ni Texas Instruments gbé TMS1000 sọ́jà, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi wọ inú kalukulétọ̀ àti ohun ìṣeré ọmọdé. Nígbà tó di 1991, Mark Weiser, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Xerox PARC ní Kalifóníà, kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà ọjọ́ iwájú á wọ inú àwọn nǹkan tí à ń lò lójoojúmọ́ débi pé a ò ní kíyè sí i mọ́. Ó ti rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ti wọ ọbẹ̀, ẹnu la fi ń mọ̀ ọ́n, ojú ò rí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kà wọ́n

Ẹ mú bébà àti bírò, ẹ rìn yíká ilé. Gbogbo ohun tó bá ń lo iná tàbí bátìrì, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi í. Ṣé ó máa ń rántí nǹkan lẹ́yìn tí iná bá ti lọ? Ṣé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ, tó jẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ wéré ó ṣe èyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ ó ṣe tọ̀hún? Ṣé ó máa ń dá ìpinnu ṣe, bíi kó dáwọ́ gbígba iná dúró nígbà tí bátìrì bá kún?

Ìbéèrè kẹta yẹn máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Áyọ́ọ̀nù àtijọ́ tí à ń yí kọ́bù rẹ̀, òun náà máa ń dá ara rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Irin oríṣi méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá gbóná, ọ̀kan á fẹ̀ ju ìkejì lọ, irin náà á ká, á sì já iná. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tí ìṣirò. Bí ẹ bá rí irú kọ́bù bẹ́ẹ̀ tó ń dún kẹ́ tí ẹ bá yí i, ẹ fò ó kọjá.

Àwọn tí èèyàn máa ń gbàgbé láti kà ni kádì ATM, síìmù, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, rìmóòtù, ẹ̀rọ tí Màmá fi ń wo ìfúnpá wọn láràárọ̀, àti òṣùwọ̀n oní-nọ́ńbà tí ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun. Nínú yàrá méjì àti pálọ̀ tèmi, mọ́kàndínlógún ni mo kà, mi ò sì tíì ka fóònù.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Inú ni ti fìríìjì sábà máa ń wà, lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń ṣí níwájú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ wo etí ẹnu rẹ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yìn ni. Ẹ fi fóònù yà á nísinsìnyí tí gbogbo nǹkan ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí fìríìjì bá dákẹ́ pẹ̀lú ẹran nínú, ẹ ò ní ráyè máa wá síbí síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pa á pátápátá

Rìmóòtù kì í pa tẹlifíṣọ̀n. Ó kàn ń sọ fún un pé kó lọ sùn ni, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ṣì lajú sílẹ̀, ó ń retí kí ẹ tún pè é. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kan bá ń ṣe ségesège, tí ojú rẹ̀ dì, tí kò dá bọ́tìnnì lóhùn, ẹ yọ ẹnu waya rẹ̀ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó padà sí iná. Inú ẹ̀rọ ní àwọn kapásítọ̀, àwọn ìkòkò kékeré tó ń tọ́jú iná. Bí iná inú wọn ò bá tíì gbẹ, kọ̀ǹpútà náà kò tíì kú, ìránù tó ń rò tẹ́lẹ̀ ló ṣì máa máa rò.

Ohun tó máa ń kó wọn sí wàhálà jù nílẹ̀ wa ni iná tó wálẹ̀ láàárín, tí gílóòbù pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Iná tó lọ pátápátá sàn jù ú lọ. Tí iná bá wálẹ̀ báyẹn, ṣíìpù ò kú, kò sì yè, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ìṣirò ṣe. Ó tó ìdajì àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá bá mi lẹ́yìn irú iná bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kejì yìí nìkan ló ń wò wọ́n sàn. Mi ò kì í gba owó lórí ẹ̀, ìyàwó mi ò sì fẹ́ràn ìyẹn.

Ní ti AC àti fìríìjì, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Tí iná bá padà dé, kọ̀ǹpútà inú ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jẹ́ kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí gáàsì inú rẹ̀ lè fara balẹ̀ kọ́kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á máa tàn án, á máa pa á, ìgbàkígbà tó bá sì tún un tàn ni kíkà náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má tú láéláé: máíkíróweefù. Kapásítọ̀ ńlá tó wà nínú rẹ̀ lè pa èèyàn, kódà bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ohun tó ń sọ

Bí ẹ bá ti pa á tí ẹ sì tàn án, tí ọ̀rọ̀ ò yí padà, ẹ wo ojú rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ LG, IE ń sọ pé omi ò wọlé tó. OE, pé omi ò jáde. UE, pé aṣọ kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. dE, pé ilẹ̀kùn ò tì dáadáa. Ti Samsung yàtọ̀: 4C tàbí 4E ni ti omi tí kò wọlé, 5C tàbí 5E ni ti omi tí kò jáde.

IE nílẹ̀ wa kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ẹ̀rọ. Táǹkì lè ti gbẹ, tàbí kó wà nílẹ̀ jù tí omi ò fi lágbára. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni yanrìn bóhóòlù tó dí àsẹ́ kékeré tó wà níbi tí rọ́bà omi ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ẹ ti ẹ̀rọ omi pa, ẹ tú rọ́bà náà, ẹ fi pláyà fa àsẹ́ yẹn jáde pẹ̀lẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ti OE, ìsàlẹ̀ níwájú ni ẹ ó ti rí ìdérí kékeré kan. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yí i. Bọ́tìnnì, pín-ìn gèlè àti ọ̀rá ni ẹ sábà máa bá níbẹ̀. Èmi ti bá ìlẹ̀kẹ̀ ìdí níbẹ̀ rí. Mi ò béèrè ẹni tó ni ín.

Èyí tí kò ní ojú tó ń kọ̀wé, iná kékeré ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú kó tó sinmi. Bó bá yára jù, ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ máa wò ó díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti yà sílẹ̀ àti iye ìgbà tó ṣẹ́jú ni kí ẹ kọ sínú Google, ìdáhùn á jáde.

Rìmóòtù náà ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí ni ó fi ń ránṣẹ́. Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù, èyí tó wà níwájú ló dára jù, ẹ kọ orí rìmóòtù sí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ bá rí iná kan tó ń ṣẹ́jú nínú àwòrán, rìmóòtù yín ń ṣiṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n lẹ máa bá wí. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ pààrọ̀ bátìrì kí ẹ tó ra òmíràn.

Mítà: èyí tí mo fẹ́ ká jókòó tì

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn ṣe ń tẹ tókìn, mítà ń bá ilé iṣẹ́ iná sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mítà oní-bọ́tìnnì tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan kó tó mọ̀ pé ẹ ti sanwó. Òun ni mo ka sí kọ̀ǹpútà tó gbọ́n jù nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó ń kí i.

Nọ́ńbà 20 tí wọ́n fún yín, lẹ́tà tí wọ́n fi àṣírí kọ ni. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà tí ilé iṣẹ́ iná mọ̀, tí mítà yín náà mọ̀, tí kò bá ti mítà aládùúgbò mu. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni wọ́n fi kọ iye yúníìtì tí ẹ rà àti ìṣẹ́jú tí wọ́n ta á sínú nọ́ńbà náà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, mítà á fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tú u. Bí kò bá tú, kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Bó bá tú, á wo ìṣẹ́jú tó wà nínú rẹ̀: bó bá ti gba irú ìṣẹ́jú yẹn rí, kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyí tí a ò fi lè tẹ tókìn kan lẹ́ẹ̀mejì, tí a ò sì lè yá ará ilé kejì. Gúúsù Áfíríkà ni ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní STS, ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1993 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú yẹn, àyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un nínú tókìn ò gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ. Ẹ pín in sí ọdún, kò pé 32. Ó kún ní ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, 2024, bí mítà mọ́tò tó dé 99999 tó fẹ́ padà sí òfo. Bí wọn ò bá tún mítà ṣe kí ọjọ́ náà tó pé, tókìn tuntun ò ní wọ inú rẹ̀ mọ́. Ẹ rántí nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n ń fún wa ní 2024? Méjì àkọ́kọ́ ò gbé iná kankan wá. Kọ́kọ́rọ́ tuntun ni wọ́n gbé wá, nọ́ńbà kan ò sì lè gba gbogbo rẹ̀, ni wọ́n ṣe pín in sí méjì. Ìkẹta ló ní yúníìtì nínú. Lẹ́yìn rẹ̀, mítà bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 2014.

Àwọn ilé kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ yìí ò tíì dé: ilé bàbá nílé, tí a kì í sùn ju ọjọ́ ọdún lọ, ilé tí ẹni tó kọ́ ọ wà ní London tàbí Houston, tó ti tì í pa láti bí ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá débẹ̀ tí mítà ò gba tókìn, ẹ má pe ẹni tó máa tú u. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ da nọ́ńbà mítà kọ láti ara rẹ̀, kì í ṣe láti ara bíìlì àtijọ́.
2. Bí tókìn kan bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ rà kí kọ́kọ́rọ́ tó yí padà tí ẹ ò tíì lò, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Tí kọ́kọ́rọ́ bá yí padà tán, ó ti di bébà lásán.
3. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná agbègbè náà, ẹ ní ẹ fẹ́ KCT, ìyẹn nọ́ńbà méjì tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun wá, fún mítà yín. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀ gan-an, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọ̀fẹ́ ni.
4. Ẹ tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ dúró kó gbà á, ẹ wá tẹ ìkejì. Ẹ má yí wọn po, ẹ má sì kánjú, nítorí àwọn mítà kan máa ń ti ara wọn pa fúngbà díẹ̀ bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ léraléra.
5. Ẹ wá tẹ tókìn tí ẹ rà.

Bó bá jẹ́ pé orí òpó ni mítà yín wà, tó jẹ́ àpótí kékeré tí ẹ fi ń tẹ tókìn ló wà nínú ilé, ẹ dúró kí iná dé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, ara waya iná gan-an ni àpótí yẹn ń gbà bá mítà sọ̀rọ̀. Ẹ wo bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ má sì ṣí ìdérí mítà. Swíìṣì kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń wo bóyá ẹnì kan ṣí i. Tó bá ti ṣí, mítà á kọ ọ́ sílẹ̀, á já iná, kò sì ní tàn títí ilé iṣẹ́ iná á fi fún yín ní tókìn tó máa pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Ẹjọ́ àti owó ìtanràn lè tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀tá ló fi àwọn sùn ní NEPA. Mítà ló fi wọ́n sùn.

Bátìrì sólà

Èyí ò ní gùn. Bátìrì lithium tí gbogbo ayé ń rà báyìí ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú, BMS ni àwọn oní-sólà ń pè é. Bí ẹ bá lo iná inú bátìrì náà kọjá ààlà, BMS á já a kúrò pátápátá kó má bàa bàjẹ́, tẹ́sítà á sì kọ òfo bí ẹni pé bátìrì ti kú. Ẹ má tíì sunkún. Ẹ já gbogbo ohun tó ń jẹ iná lára rẹ̀, ẹ so ṣájà tàbí sólà tó bá a mu mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á jí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kó fi waya fo BMS kọjá. Iná tó ń jó lithium, omi garawa kan kì í pa á.

Síìmù àti kádì

Síìmù kì í ṣe páálí lásán. Kọ̀ǹpútà ni, ó ní ọpọlọ, ó ní ìrántí, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí kì í fi han fóònù pàápàá. Ilé iṣẹ́ Giesecke & Devrient ní Jámánì ló ṣe àwọn àkọ́kọ́ ní 1991 fún ilé iṣẹ́ fóònù Radiolinja ní Fínláǹdì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni GSM dé Nàìjíríà, tí a sì ń ra síìmù bí ẹni ra ilẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí olè bá jí fóònù yín, kò nílò láti mọ páswọ́ọ̀dù ojú rẹ̀. Á yọ síìmù, á fi sínú fóònù tirẹ̀, gbogbo OTP tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Síìmù náà lè ti ara rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Ẹ kọ́kọ́ wá PUK yín, nọ́ńbà tó ń ṣí síìmù tó bá ti ara rẹ̀ pa; ó wà lára páálí tí síìmù bá wá, tàbí kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Ẹ béèrè PIN tí síìmù náà bá wá pẹ̀lú, ẹ má méfò rẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹ lè ṣì í kó tó béèrè PUK. Bí ẹ bá sì ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù ti kú nìyẹn, kò sí àjíǹde. Lẹ́yìn náà, lórí Android, ẹ lọ sí ibi Settings, Security, ẹ wá SIM lock. Lórí iPhone, ibi Cellular tàbí Mobile Data ni SIM PIN wà. Ẹ tàn án, ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí èyí tí kì í ṣe ọdún ìbí yín. Láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí fóònù bá kú tó jí, tàbí tí síìmù bá bọ́ sínú fóònù mìíràn, á béèrè nọ́ńbà yẹn.

Ìbátan síìmù ni kádì ATM. Onígun mẹ́rin wúrà ojú rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀; ibẹ̀ ló ti ń gba iná lára ẹ̀rọ POS, tó ń jí, tó sì ń ṣírò àmì tuntun fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan. Okùn dúdú ẹ̀yìn kádì ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ló ń kà jáde lójoojúmọ́, ẹni tó bá dà á kọ lẹ́ẹ̀kan ti rí i gbà. Nítorí náà, bí oní-POS bá ní ṣíìpù ò ṣiṣẹ́, kí òun kàn fà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gba kádì yín, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nu ojú wúrà yẹn, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.

Mọ́tò

"Brain box ti lọ." Kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, gbólóhùn yìí sì ti jẹ owó ilé ìwé ọmọ tó pọ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí, nígbà tí mọ́tò mi ń gbọ̀n bí ẹni tó ní ibà. Ẹni tó sọ ọ́ ò fi nǹkan kan kàn án, ó kàn tẹ́tí sí i ni.

Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti módẹ́ẹ̀lì 1996 ló ní ibi tí a ti lè bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀, òfin wọn ló sọ ọ́ di dandan. Ọ̀pọ̀ tókùnbọ̀ tó wà lójú títì wa sì wà lára wọn. OBD2 ni wọ́n ń pè é. Ẹ jókòó síbi awakọ̀, ẹ na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lókè ẹsẹ̀ yín: ẹnu kan wà níbẹ̀ tó ní ihò 16. Ẹ ra àdápútà ELM327 tó ń lo Bluetooth, ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí, ẹ ṣí àpù tó ń kà á lórí fóònù. Kóòdù tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Tèmi kọ P0301. P03 jẹ́ ti iná tí kò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, 01 sì ni sílíńdà kìíní. Mo yọ kọ́ìlì orí sílíńdà kìíní, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, mo fi pààrọ̀ ti ìkejì, mo pa kóòdù rẹ́, mo wà á yíká àdúgbò. Nígbà tí mo tún un kà, ó di P0302. Àìsàn náà bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì ló ń ṣàìsàn. Ká ní P0301 ló tún jáde, púlọ́ọ̀gì ni ǹ bá wò kàn. Kọ́ìlì kan ṣoṣo ni mo rà, brain box wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ má ṣe rò pé kóòdù ń sọ ohun tí ẹ máa rà. Ohun tí mọ́tò rí ló ń sọ. P0171, bí àpẹẹrẹ, ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Rọ́bà tó ya lára ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lè fà á, sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí lè fà á, pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀ náà lè fà á. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ṣì níṣẹ́ láti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú kóòdù lọ bá a, ọ̀rọ̀ yín á yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tókùnbọ̀, ẹ ṣe nǹkan méjì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON: iná check engine gbọ́dọ̀ tàn kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Bí kò bá tàn, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí ó ti fi nǹkan bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí àpù kọ readiness sí. Àwọn àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fún ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀; bí ẹ bá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì parí, ó ṣeé ṣe kí bátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tà á ti pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ ní kí ẹ jọ wà á fún wákàtí kan. Ẹ wo ojú rẹ̀.

Àwọn tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ráútà, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, tẹlifíṣọ̀n. Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú àìmọye kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé. Kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe wọ́n láti ilé iṣẹ́ ló ń dán wò, bíi admin àti admin, àwọn tó ni wọ́n ò sì yí i padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi ogunlọ́gọ̀ kámẹ́rà yẹn kọlu ilé iṣẹ́ Dyn, tó ń darí àwọn èèyàn sí ojúlé tí wọ́n ń wá, Twitter àti àwọn ojúlé ńlá mìíràn sì ṣòro láti wọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn tó ra kámẹ́rà láti fi ṣọ́lé ò mọ̀ pé kámẹ́rà àwọn ti lọ jagun. Ní Bìrìtìkó, òfin ti ka irú páswọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ọjà tuntun láti ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, 2024. Níbí, ẹ̀yin fúnra yín ni òfin.

Ẹ yí ráútà dé, nọ́ńbà tí ẹ ó fi wọlé sí i wà lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ti ń kọ orúkọ ojúlé lórí fóònù, ẹ wọlé, ẹ yí páswọ́ọ̀dù admin padà. Èyí yàtọ̀ sí páswọ́ọ̀dù Wi-Fi tí ẹ fún àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ ló ń dà wọ́n pọ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún kámẹ́rà. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ update sí, ẹ jẹ́ kó máa dá ṣe é. Kámẹ́rà tí kò bá gbà kí ẹ yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Kí ẹ tó tà á tàbí kí ẹ tó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ

Tẹlifíṣọ̀n mọ páswọ́ọ̀dù Wi-Fi yín, ó sì mọ àkáǹtì tí ẹ fi ń wo fíìmù. Ẹ wá factory reset nínú Settings rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ráútà ní ihò kékeré kan lẹ́yìn, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àwọn iná rẹ̀ á fi ṣẹ́jú.

Ní ti mọ́tò, ẹ wọ ibi Bluetooth nínú rédíò rẹ̀, ẹ pa orúkọ fóònù yín rẹ́, ẹ pa orúkọ àwọn èèyàn tó dà kọ láti inú fóònù yín rẹ́ pẹ̀lú. Tókùnbọ̀ tèmi kọjá omi wá láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú gbogbo orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, àràárọ̀ tí mo bá ti jí i, á máa wá fóònù ọkùnrin yẹn kiri. Ìgbà tí mo ń kọ èyí lọ́wọ́ ni mo tó lọ pa á rẹ́.